Ìrù Ọmọńlé Inú Ọbẹ̀ Ilá

Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta.

Babájídé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Àbújá? Ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà. Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ti dàrú láti ìjẹta, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé sọ lórí fóònù.

Ṣé o rántí ohun tí mo sọ fún ọ lóṣù tó kọjá, pé Mujeebat ìyàwó rẹ fi oògùn sínú ọbẹ̀ ilá mi? Wọ́n ti ríran sí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí n ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Lọ́jọ́ náà, ọmọńlé kan wà lára ògiri lókè tábìlì. Mo fi ìgbálẹ̀ gbá a, ó sá lọ. Bí mo ṣe jókòó tí mo fẹ́ jẹun, nǹkan kan ń jà nínú ọbẹ̀, ilá bò ó mọ́lẹ̀. Mo figbe ta, mo da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà láì wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mujeebat fi Kùránì búra, ó sunkún, n ò gbọ́. Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ṣakí, tòun toyún oṣù márùn-ún.

Áà, Babájídé! Níjẹta ni mo tún gbá ọmọńlé mìíràn níbẹ̀. Ó sá lọ, ìrù rẹ̀ nìkan ló kù tó ń jó lórí tábìlì! Mo pariwo títí Akínbíyìí, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó háyà yàrá iwájú, fi sáré wọlé. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọńlé náà fúnra rẹ̀ ló já a sílẹ̀. Níbi tẹ́ ẹ ti ń wo ìrù, òun ti sá lọ nìyẹn. Ìrù mìíràn á hù." Ìgbà náà ni mo rántí ọbẹ̀ ilá yẹn. Ìgbálẹ̀ ọwọ́ èmi fúnra mi ló fi nǹkan sínú ọbẹ̀ mi!

Lánàá, mo wọkọ̀ lọ sí Ṣakí. Mo kúnlẹ̀ fún Mujeebat lójú àwọn òbí rẹ̀, èmi àgbàlagbà. Ó yára gbé mi dìde. Ó ní òun ti forí jì mí, ṣùgbọ́n òun kò tíì lè padà, nítorí pé láti ọjọ́ náà ọkọ òun kò gbé fóònù òun. Èmi ni mo ní kí o má gbé e. Jọ̀wọ́, pè é, kí o sì lọ bá a.

Olúwa kò ní jẹ́ kí ilé rẹ tú nítorí tèmi. Wàá fi ọwọ́ ara rẹ gbé ọmọ rẹ jó. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Moróunkẹ́.

Àfikún: N ò lè kọ èyí sókè. Mujeebat se oúnjẹ fún mi ní Ṣakí lánàá. Kó tó gbé àwo síwájú mi, ó bu òkèlè kan, ó jẹ ẹ́, ó sì lanu kí n lè rí i pé ó ti gbé e mì. N ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.