Wọn Ò Kọ́ Pápá Náà Mọ́

Lucille ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé láàárọ̀ yìí. Wọn ò kọ́ pápá béèsìbọ́ọ̀lù tó fẹ́ gba àdúgbò wa mọ́, ilé rẹ ṣì dúró. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí mo ta tèmi fún wọn, mo bú ọ pé, "Olórí kunkun, ṣé katakata ló máa lé ẹ jáde?" O kàn ní, "Jókòó, eré ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò."

Ara mi le ní Arizona. Ọmọ mi ra rédíò fún mi. Èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ, kò sí ariwo rárá.

Bá mi kí àwọn tó wá ń gbé ilé mi. Kí wọ́n rọra gbé ilẹ̀kùn ilé ìdáná sókè kí wọ́n tó ṣí i. Ó máa ń ha.

Marvella