Bàbá Rọra-yí-i àti Orúkọ Tí Kò Níye Lórí Pátákó

Ọdún 1947 ni a bí Bàbá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Rọra-yí-i, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìlagi. Ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá: gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá tó bí bàbá wọn, ìyá wọn sì jẹ́ aránṣọ. Bàbá nìkan ni kò lè rẹ́ pákó kó gún. Ibi tí wọ́n ti wá kó ìfẹ́ pákó gígùn, ẹbí ṣì ń wádìí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní 1953, wọ́n parí ti girama ní 1966, wọ́n sì di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀dà. Ní 1973 wọ́n fẹ́ ìyá wa, nọ́ọ̀sì tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ní 1980, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé wọn, Bàbá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n háyà ilé tí wọ́n ti ń kó táyà sí, wọ́n tẹ́ ọ̀nà pákó mẹ́fà síbẹ̀ fún eré bóólìn, níbi tí a ti ń yí bọ́ọ̀lù wúwo kó lè lọ wó igi mẹ́wàá tó dúró lápá kejì. Bàbá àgbà wò ó títí, wọ́n ní, “Wàá wó o, wàá tún tò ó, wàá tún wó o. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?” A ò tíì rí èsì ìbéèrè yẹn.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà gbèrú. Bàbá kó igi sẹ́yìn ọkọ̀ kiri ilé ìwé àti báńkì. Wọ́n kọ́ adájọ́, wọ́n kọ́ onígbàjámọ̀. Igbe wọn, “Rọra yí i!”, ni aráyé fi sọ wọ́n lórúkọ. Ní 1991 wọ́n dá ẹgbẹ́ eléré bóólìn sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti gba ife ẹ̀yẹ bọ̀ láti òkè òkun. Bí ìjì bá ṣí òrùlé ẹnikẹ́ni ládùúgbò, gbọ̀ngàn Bàbá ni onítọ̀hún ń sùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnu ọ̀nà ìjọ ni wọ́n ń dúró, tí wọ́n ń fi àwọn ènìyàn síbi ìjókòó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di rúdurùdu rèé. Pátákó kan wà ní gbọ̀ngàn, tí orúkọ àwọn eléré àti iye gíga jù lọ tí oníkálùkù gbà wà lórí rẹ̀. Orúkọ Bàbá ló ṣíwájú, kò sí iye níwájú rẹ̀. Ní báyìí tí Bàbá ti papò dà, ẹgbẹ́ fẹ́ gbé pátákó tuntun kọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú wọn. Òfin tí Bàbá fúnra wọn ṣe ni pé orúkọ tí kò níye kò gbọdọ̀ débẹ̀. Nígbà ayé wọn, ojú ló ń ti àwọn ènìyàn láti bi onílé léèrè iye tiwọn. Akọpátákó wá bá wa: “Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni ti Bàbá? Bí mi ò bá rí i, mi ò lè kọ orúkọ wọn o.”

Àkọ́bí rò pé kùtùkùtù ni Bàbá máa ń ṣeré. Mẹkáníìkì tó ń ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn láràárọ̀ ní, “Ọjọ́ Ìsinmi lèmi rò o.” Ọjọ́ Ìsinmi kẹ̀! Kò sẹ́ni tó rí i kí Bàbá yí bọ́ọ̀lù kan rí.

Àkọ́bí ní kí a kọ ọ̀ọ́dúnrún, òpin iye tí èèyàn lè gbà nínú odindi eré kan: “Ta ló máa bá òkú jiyàn?” Ìyá ní, “Kò sírú ẹ̀. Bàbá yín ò bu igi kan kún iye ọmọ tí wọ́n bí rí.” Ìyá ló sọ pé àwọn ti bi Bàbá rí ìdí tí wọn kì í fi yí i, Bàbá sì dáhùn pé, “Bí mo bá ń yí i, ta ló máa wò yín?” A yẹ èsì yìí wò síwá sẹ́yìn. Ẹnìkan ní ìfẹ́ ni, ẹnìkan ní ẹ̀rù ni. Ó dùn wá pé a ò bi wọ́n nígbà tí ẹnu wọn ń sọ̀rọ̀. Títí di ìsinsìnyí, kò yé wa.

Bàbá fi ìyá wa, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò obìnrin kan sáyé lọ.

Òfin ẹgbẹ́ gba kí ọkọ tàbí aya yí bọ́ọ̀lù dípò ẹnìkejì rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ti kúrò ní itẹ́ òkú, gbọ̀ngàn ni a ń yà sí. Ìyá wa, tí wọn ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yẹn rí, ni yóò yí i lẹ́ẹ̀kan lórúkọ Bàbá. Iye igi tó bá wó ni a ó kọ. Bí ìkankan ò bá wó, òdo ni a ó kọ, kí orúkọ wọn sáà ti wà níbẹ̀. Ẹ bá wa débẹ̀, kí oníkálùkù mú ìbọ̀sẹ̀ dání fún bàtà eré tí a ń wọ̀ lórí pákó.

Bàbá, ẹ sùn re o, kí ara tù yín. Ìyá ti wọ bàtà eré wò; ó bá wọn mu.