Okùn Tí Mo Wé Mọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́wọ́

Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yí yín lórí. Mo purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi létí òkun, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì mọ ohun tí irọ́ náà lè fà... ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì ti bá a lọ báyìí. Kì í ṣe èṣù, kì í ṣe ọtí, kì í ṣe pé òkun ń bínú bí àwọn ará ilé wa ṣe ń wí. Èmi ni. Ádímìn, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ará Massè àti Ikpinlè pọ̀ lórí pééjì yìí, wọ́n sì máa ń kà á sí ìyá mi létí.

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Adja-Ouèrè. Mi ò kàwé púpọ̀, síziẹ̀mù, kíláàsì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni mo ti dúró, tí ẹ bá rí àṣìkọ ẹ má bínú. Lọ́dọ̀ wa, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ la mọ̀, òkun jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ará ìlú wa kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, Tọ́ntọ́n la máa ń pè é, ó ní mọ́tò, kò sì sí eré tó fẹ́ràn tó kó lọ dúró sétí òkun ní Sẹ̀mẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kó máa ju ìwọ̀. Kì í tà á o, eré ni. Òun ló mú èmi àti àwọn mélòó kan lọ kí a máa bá a gbé ọ̀pá, nígbà tó yá àwa náà ń jù ú. Ìyá mi á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ fi ẹsáǹsì mọ́tò tó kún ìkòkò lọ wá ẹja tí kò kún ṣíbí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹni tó bá ti gbọ́ bí mulinẹ́, ẹ̀rọ tó ń ká okùn lára ọ̀pá, ṣe ń ké nígbà tí ẹja bá gbé ìdẹ sá lọ, kò ní gbàgbé. Mo sì mọ̀ ọ́n. Tí òjò bá ti rọ̀ gan-an tí omi ọ̀sà já sínú òkun tí ojú omi pọ́n, ẹja tí à ń pè ní àpò ni kí ẹ máa retí, edé ni kí ẹ fi ṣe ìdẹ. Tí omi bá mọ́, tí ẹ rí i tí àwọn ẹyẹ funfun ń já lu omi, ẹja wẹ́wẹ́ ló ń sá, kútà àti àwọn ẹja ńlá ló ń lé wọn bọ̀ létí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo máa ń pe apẹja kan ní Sẹ̀mẹ̀, mo máa bi í bí ìgbì ṣe rí, apá ibo ni omi ń fà sí, màá wá fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí Wátisáàpù. Wọ́n bá ń pè mí ní Mẹteó, ìyẹn ẹni tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Ó wá ku Fófó Bíọ́dún. Fófó la máa ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní apá ọ̀dọ̀ wa, Bíọ́dún yìí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Bàbá tèmi ti kú, inú ilé bàbá rẹ̀ lèmi àti ìyá mi ń gbé. Adẹ́mu ni Fófó, bíi ti bàbá rẹ̀, ó ní ọ̀pẹ tirẹ̀ lọ́nà Massè, ó ní ìyàwó, ọmọ rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ni. Kò rí òkun rí. Ó ní kí n mú òun lọ, mo mú un lọ. Mo fún un ní ọ̀pá tó gbó jù, mo ní kó dúró síbi tí mo mọ̀ pé kò sẹ́ja, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Àfi bí ó ṣe jù ú, àpò ńlá. Ó tún jù ú, òmíràn. Èmi, koríko òkun ni mò ń fà. Tọ́ntọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Mẹteó, lọ bá wa gun ọ̀pẹ ná, kí adẹ́mu máa sọ ojú ọjọ́ fún wa!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí iyanrìn. Láti ọjọ́ yẹn Fófó ni wọ́n ń pè ní Mẹteó. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ìkà... nígbà tí a dé ilé, ìyá mi ló gbé ẹja náà fún. Ìyá mi ní, "Ọjọ́ tí èèyàn gidi lọ nìyí, a rí ẹja." Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ inú mi. Nítorí ẹja? Nítorí orúkọ ìnagijẹ? Mo ti bi ara mi títí, ìdáhùn kò yí padà, nítorí rẹ̀ náà ni.

Kó tó di ìgbà kejì tí a máa lọ, apẹja Sẹ̀mẹ̀ sọ fún mi pé ẹja ńlá ti wọ etí omi, pé okùn wọn ń já, kí a má dúró sínú omi. Mo fi ohùn ránṣẹ́ pé omi dára. Mi ò fi ìyókù kún un. Mo wá mú trẹ́sì dání. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, okùn tí wọ́n hun bí irun ni, ó tín-ín-rín bí òwú, kì í nà bíi náílọ̀nù, kì í já, tó bá fà mọ́ ara, abẹ ni. Kò sẹ́ni tó ń dì í mú lásán, ọ̀pá àti mulinẹ́ ló wà fún. Èmi ló sọ fún Fófó pé, "Fófó, ọ̀pá yìí, àwọn ọmọdé ló ń lò ó. Àwọn àgbà òkun, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dì í. Ẹ wé e mọ́ ọwọ́ yín dáadáa kí ẹja má tàn yín." Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́. Mo tún bá a wé e. Ó na ọwọ́ sí mi bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ wọ ẹ̀wù fún ọmọdé, mo bá a wé e mọ́ ìka.

Èyí tó burú jù ni pé mo mọ̀ pé kò ní lè jù ú sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ adẹ́mu á mọ ohun tí mò ń wí. Oyin lè máa ta ọ́, ejò lè yọ lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, o ò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ igbà tí o fi gùn ún. Ohunkóhun tó bá já ọ láyà lórí ọ̀pẹ, ṣe lo máa tún igbà dì sí i. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń fi pàṣán kọ́ ọ, ojú mi ló ṣe. Mo ní lọ́kàn pé tí ẹja bá fà á, kò ní jọ̀wọ́, ẹja á fi ojú rẹ̀ gbálẹ̀ nínú iyanrìn, a ó rẹ́rìn-ín, màá gba orúkọ mi padà. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mi ò rò ó kọjá ibẹ̀.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi gbé e. Títí dòní a ò mọ irú ẹja tó jẹ́. Ó fa Fófó lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣubú lórí ìdí, ó wọ omi dé àyà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo adẹ́mu, ẹja ti fẹ́ ẹ!" "Ó ń lọ kí àwọn àna rẹ̀ nísàlẹ̀!" "Yà á, yà á!" Mo sì ń fi fóònù yà á. Ìgbì bò ó, ó tún yọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Tọ́ntọ́n ló kọ́kọ́ dákẹ́ ẹ̀rín, ó ń pariwo, "Jù ú sílẹ̀! Jù ú sílẹ̀ jàre!" Gbogbo wọn wá ń pariwo rẹ̀. Ẹ̀yin ará, bí wọ́n ṣe ń pariwo ló tún ń wé okùn náà mọ́ ọwọ́ sí i... ó ń wé e sí i, bí ẹni tó wà lókè ọ̀pẹ. Èmi ló kọjú sí. Orúkọ mi ló ń pè. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ìdẹ wà lápò mi, mo sì ń sọ nínú mi pé kí n yà á díẹ̀ sí i. Ìgbà tí ìfóòfó omi pọ́n fún ẹ̀jẹ̀ ni mo tó ju fóònù, mo sáré gé okùn náà. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn dókítà ní Àjàṣẹ́ kò rí nǹkan ṣe sí ìka méjì yẹn. Ọ̀kan mìíràn wà níbẹ̀, kò lè ká mọ́.

Ó kúrò ní ọsibítù, bàbá rẹ̀ kó ilé jọ. Nínú ilé wa, adẹ́mu kì í lọ sídìí omi iyọ̀ láì kọ́kọ́ sọ fún àwọn babańlá tó wà nílẹ̀, nítorí ẹmu rẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ wọ́n. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ti le tẹ́lẹ̀. Bàbá bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé ta ló ní kó wé okùn mọ́ ọwọ́. Mo wo ìyá mi, ó jókòó sẹ́yìn àwọn ìyàwó ilé. Mo ní mo kìlọ̀ fún un. Mo ní etí rẹ̀ le. Mo tún fi kún un pé ó ti mu díẹ̀ ká tó kúrò nílé, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìyẹn o, èmi ni mo fi kún un. Bàbá wá yíjú sí Fófó, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Fófó wò mí títí mo fi wo ilẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó kìlọ̀ fún mi."

Mo lọ bá a lẹ́yìn àká pé kí n dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dìde, kí wọ́n má rí ọ. Ìyá rẹ ni mo wò, kò ní ilé mìíràn. Ìwọ, mo rí ọ̀bẹ lápò rẹ, mo rí fóònù lọ́wọ́ rẹ." Kò tún bá mi sọ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà náà.

Ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Tó bá rí mi, á kúnlẹ̀, á ní èmi ni mo gba ọkọ òun lọ́wọ́ òkun. Ó ti gbé oúnjẹ wá fún mi rí, mo jẹ ẹ́. Ẹnìkan nínú wa sì ti gé ojú Fófó nínú fídíò tí mo yà yẹn, ibi tó ti la ẹnu, ó sọ ọ́ di sitíkà, gbogbo ìlú ló ń fi ránṣẹ́ báyìí tí nǹkan bá yà wọ́n lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ kò hàn níbẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ń fi ránṣẹ́ sí mi, mò ń fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn... kí ni kí n ṣe?

Ìdájọ́ tí Bàbá dá nìyí. Ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún tí kò gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ju igbà rẹ̀ nù, ọ̀pẹ rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan náà. Àbúrò yìí kò tíì gba igbà, ó ti ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìka Mẹ́ta. "Ìka Mẹ́ta, bá mi fọ bídọ̀n." Fófó ń fọ kẹ́ẹ̀gì náà. Ọ̀pẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ro ìdí rẹ̀, ó ń fọ bídọ̀n ẹmu rẹ̀ fún ọmọ tó pọ̀n dàgbà. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi igbà lé àbúrò yẹn lọ́wọ́ níwájú ojúbọ, tí wọ́n bá sì ti fi lé e lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó tún lè gbà á.

Ṣùgbọ́n apá kejì wà nínú òfin ilé wa, mo sì mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ba ọwọ́ adẹ́mu jẹ́, wọn kì í gba ọ̀pẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bà á jẹ́ náà ló máa máa gùn ún fún un, gbogbo ẹmu á jẹ́ ti ẹni tó fara pa, títí ọmọ rẹ̀ á fi tó gùn. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu mi ló kù. Mo sọ fún ìyá mi, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n pa ẹnu mi dé, pé Bàbá á lé wa jáde kí oòrùn tó wọ̀, ibo ni òun máa gbé orí òun sí lọ́jọ́ ogbó. Tọ́ntọ́n ní ọ̀rọ̀ ti tán, kí n má jí i dìde. Lánàá ó fi ohùn ránṣẹ́, ó ń bi mí pé, "Mẹteó, báwo lomi ṣe máa rí lọ́jọ́ Àìkú?" Wọ́n ti dá orúkọ mi padà fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ ọ́ níwájú wọn kí ìyá mi di ẹni tí kò nílé? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Bàbá níkọ̀kọ̀? Tí Fófó bá tún sọ pé irọ́ ni mo ń pa ńkọ́, torí ìyá mi? Àbí kí n dákẹ́ bí gbogbo wọn ṣe fẹ́, kí n máa wò ó bó ṣe ń fọ bídọ̀n? Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi, ṣùgbọ́n kó sọ ohun tí màá ṣe pẹ̀lú. Ọjọ́ ti ń lọ. Mi ò gun ọ̀pẹ rí, òòyì máa ń kọ́ mi lórí àkàbà lásán. Gbogbo ọ̀pẹ Fófó tó wà lọ́nà Massè, gígùn wọn ni gbèsè tí mo jẹ ẹ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí ọmọ rẹ̀ á fi dàgbà... mi ò sì tíì fẹsẹ̀ kan ìdí ẹyọ kan.