Ẹni Tó Kọ́kọ́ Fọ́ Yìnyín

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àbójútó agboolé wa ní Fìdítì. Mo kí Bàbá lórí ìkúnlẹ̀, mo kí ẹ̀gbọ́n mi. Ràfíátù, ọmọ-ọmọ yín, ń kí yín. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ ti ju tèmi lọ.

Mo mọ̀ pé ọkàn yín ò balẹ̀. Tèmi náà ò balẹ̀. Òtútù ìlú òyìnbó yìí ń wọ egungun. Bàbá Ràfíátù ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ọ̀gá mi ní bí n kò bá lè máa pẹ́ níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Ilé ìwé sì ní àfi kí n mú ẹni tí yóò máa bá mi gba ọmọ bí mo bá pẹ́ wá. Ta ni mo mọ̀?

Èmi tí ẹ ní ẹnu mi kì í sinmi! N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní gèétì ilé ìwé, níbi tí àwa òbí ti ń dúró de ọmọ. Nítorí ìbẹ̀rù kí n má pẹ́, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Mo wá ń retí kí àwọn tó ń bọ̀ kí mi, torí ẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá dé ló ń kí ẹni tó bá nílẹ̀. Wọ́n á dé, wọ́n á dákẹ́. Mo ní wọn ò kà mí sí ni.

Mo fi omijé sọ ọ́ fún tíṣà Ràfíátù. Ó ní ṣé èmi náà ti kí ẹnì kankan? Ó ní wọ́n rò pé mi ò fẹ́ ìyọlẹ́nu ni. Ó ní kí n fọ́ yìnyín. Àkànlò èdè wọn ni: bí àwọn tí kò mọra bá pàdé, àárín wọn á dì bí omi inú òtútù, ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ló fọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà kan wá mú ọmọ-ọmọ wọn. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo fi Gẹ̀ẹ́sì kí wọn kú òtútù, kú ẹsẹ̀ rírìn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní látọjọ́ tí òun ti ń rìn nínú òtútù yìí, kò sẹ́ni tó kí òun bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ má bínú, mi ò kàn gbé ọmọ fún àlejò. Èmi àti Bàbá Ràfíátù lọ kí wọn nílé kí n tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bá mi gba Ràfíátù.

Lánàá mo pẹ́ níbi iṣẹ́. Mo sáré dé ilé ìyá àgbà náà, mo bá Ràfíátù tó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí ìyá ẹni. Wọ́n ní orúnkún òun ò gbà á mọ́, kí n ṣáà bá òun kí yín.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, àlùbáríkà ò ní wọ́n nílé wa. Ẹ bá mi kí tilé-toko, àti àwọn èèyàn wa ní Ilora.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá Ràfíátù