Àwọn Ìyàwó Maigida

Àtìní, 3 Máàṣì, 2008

Gómìnà ti pàṣẹ. (Hàjàrá, mátírọ́ọ̀nù wa, ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — bó bá gbọ́, mo gbé.) Láti òní lọ, kò sí káàdì mọ́ lọ́dọ̀ àwọn aláboyún. Kọ̀ǹpútà ló kù. Wọ́n ti da gbogbo káàdì sínú yàrá ẹ̀yìn tí òrùlé rẹ̀ ń jò.

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Ẹni tó bá ti wá káàdì ẹnì kan ṣoṣo láàárín òkìtì káàdì nínú ooru Sókótó yìí á mọ ìdí. Ní báyìí, Garba akọ̀wé á tẹ orúkọ, kíá, gbogbo ọ̀rọ̀ obìnrin náà á jáde — oṣù oyún, ìfúnpá, abẹ́rẹ́, èsì àyẹ̀wò. Mo ti sọ ẹ̀rọ náà ní Àfáà. Ohun tó bá wí, gbogbo wa á ṣe àmín.

Kọ́pà kan ló ń tọ́jú Àfáà. Ṣèyífúnmi, ọmọ Ìjẹ̀bú. Kò gbọ́ Hausa kankan ju ká kí èèyàn lọ. Ọmọ dáadáa, ó kàn fẹ́ràn àtúnṣe jù. Kò lè rí nǹkan wúruwùru kó má tò ó.

Àtàláátà, 4 Máàṣì

Jummai kan láti àdúgbò Minanata. Oyún àkọ́kọ́, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Ojú ọmọdé. Àyẹ̀wò kòkòrò éèdì ló ń bà á lẹ́rù, ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó fẹ́ gba odò kọjá. Mo wo ojú Àfáà: kò sí. Mo sọ fún un. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ń gbàdúrà fún mi, fún ìyá mi, fún ìyá ìyá mi. Kó padà wá lọ́sẹ̀ méjì.

Nítorí irú ọjọ́ báyìí ni mo ṣe kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Àlàmísì, 6 Máàṣì

Jummai mìíràn. Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìlú yìí kún fún wọn. Kofar Rini ni èyí ti wá, oyún kẹrin, obìnrin tí ara rẹ̀ balẹ̀. Àfáà ní: ó wà.

Mo mú un wọ yàrá inú. Mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kò sunkún. "Èmi? Sister, èmi?" Ohun tó ń tún sọ ṣáá nìyẹn. Mo ní oògùn wà tó lè gba ọmọ inú rẹ̀ là: hóró kan fún ìyá bí ìrọbí bá ti mú un, àti omi oògùn tí a ó kán sí ọmọ lẹ́nu kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. N kò rò pé ó gbọ́. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Sátidé, 8 Máàṣì

Ooru. Oorun kò kun ojú mi. Ojú Jummai Kofar Rini ni mò ń rí.

Àtìní, 10 Máàṣì

Ó padà wá. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀, Muaz tó ń ta bàtà ní Kofar Doya. Ọkọ ní kó máa lọ sílé baba rẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́dọ̀ Muaz, kò jẹ́ kó rí wọn. Ó ní òun á fi Kùránì búra pé òun kò mọ ọkùnrin míì. Ó bẹ̀ mí kí n tún ẹ̀jẹ̀ òun yẹ̀ wò.

Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúnra mi. Kò sí. Mo fi àyẹ̀wò oríṣi kejì ṣe é. Kò sí.

Sùbùhánálláhì. Kò sí!

Àtàláátà, 11 Máàṣì

Mo fi Ṣèyífúnmi jókòó síwájú Àfáà, mo ní kó fi Jummai hàn mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ìdílé Maigida yìí mà pọ̀ o! Wọ́n tún máa ń forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣèyọnu, mo ti bá yín pa àwọn tó jọra pọ̀."

Mo ní kó sún, mo wo ojú ẹ̀rọ fúnra mi.

Maigida kì í ṣe orúkọ ìdílé. Baálé ilé ni. Ọkọ ni! Obìnrin Hausa kì í la ẹnu pe orúkọ ọkọ rẹ̀ — ìyá tèmi náà kò pè é rí, "bàbá Sìmbíátù" ló ń wí títí bàbá fi kú. Garba á bi wọ́n pé, orúkọ ọkọ? Wọ́n á fi ìborùn bo ẹnu: "Maigida." Àfáà kò gbà kí àyè ibẹ̀ ṣófo. Ojú sì ń ti Garba láti fúngun mọ́ ìyàwó oníyàwó. Ó ń tẹ Maigida. Àwọn ìyàwó Maigida ti pọ̀ ju ti ọba lọ nínú ẹ̀rọ yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú dé, ó rí Jummai Maigida méjì, ó ní ẹnì kan ni. Ó sọ wọ́n di ọ̀kan.

Èsì ti Kofar Rini ló kọ́kọ́ wọlé: kò sí. Òun ni mo kà fún ti Minanata. Èsì ti Minanata wọlé tẹ̀lé e, ó bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀: ó wà. Òun ni mo kà fún ti Kofar Rini.

Ọmọdébìnrin tó di ọwọ́ mi mú yẹn ló ní in. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní kò ní in. Oṣù kẹjọ. Ọmọ inú rẹ̀ kò ní gba oògùn kankan àfi bí mo bá rí i kó tó bí.

Ṣèyífúnmi bú sẹ́kún. Mo ní kó gbẹ́nu rẹ̀ dákẹ́. Ó dákẹ́, èmi wá bẹ̀rẹ̀.

Àlàrùbá, 12 Máàṣì

Gómìnà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó fún wa ní ẹ̀rọ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ lóṣù yìí. Ó ní kí n panu mọ́. Obìnrin náà á padà wá lọ́jọ́ kejìdínlógún, kí n sọ fún un nígbà náà. Mo ní bó bá bí kó tó dìgbà yẹn ńkọ́? "Haba, Sìmbíátù. Ìwọ nìkan kọ́ lo ní Ọlọ́hun." Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jáde. Bí mo bá fèsì, wọn á lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Jummai Kofar Rini bẹ̀ mí kí n lọ bá ọkọ òun sọ̀rọ̀. Mo lọ. Muaz fún mi ní omi tútù, ó fetí sílẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Sister, èyí tí ẹ kọ́kọ́ sọ, inú kọ̀ǹpútà ló ti wá. Èyí tí ẹ ń sọ yìí, ẹnu yín ló ti wá. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́."

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àtìní.

Jímọ̀, 14 Máàṣì

Minanata. Èmi nìkan. Ọkùnrin kò lè wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn obìnrin, Ṣèyífúnmi àti Garba kò wúlò fún mi. Nígbà tí Ṣèyífúnmi sì pa wọ́n pọ̀, àdírẹ́sì Kofar Rini nìkan ló kù lójú ẹ̀rọ; ti Minanata kò sì ní káàdì rí, inú Àfáà ló ti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.

Mo ń kan ilẹ̀kùn kiri. Sannu, sannu. Jummai tó lóyún? Èwo nínú wọn? Kí lorúkọ ọkọ rẹ̀? N kò mọ̀. Kí lo fẹ́ fún un? N kò lè sọ! Bí mo bá dárúkọ àyẹ̀wò, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ kí òun tó mọ̀. Mo ní ó gbàgbé nǹkan sọ́dọ̀ mi. Wọ́n mú Jummai wá fún mi: ìyá arúgbó kan, ọmọ iléèwé kan, ọ̀kan tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ọkàn mi fò — kì í ṣe òun. Wọ́n fún mi ní fúrá mu. Mo mu ún, mo tún lọ kan ilẹ̀kùn mìíràn.

Àlàádì, 16 Máàṣì

Minanata. Kò sí. Ọlọ́hun, ṣé O ń wò mí?

Àtàláátà, 18 Máàṣì

Ọjọ́ rẹ̀ nìyí. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Gbogbo ìborùn tó wọlé, mo ń yọjú wo ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ti ń rò pé orí mi dàrú. Kò wá.

Kí ló fẹ́ wá ṣe? Mo ti sọ fún un pé ara rẹ̀ le. Obìnrin tí ara rẹ̀ le, ilé ló ń bí sí. Ìròyìn ayọ̀ tí mo fún un ni kò jẹ́ kó padà.

Ṣèyífúnmi ti fi àyẹ̀wò tuntun Jummai Kofar Rini sínú ẹ̀rọ, pẹ̀lú orúkọ baba rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Mo gbé e fún Muaz. Ó kà á, ó tún un kà, ó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó lọ mú ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà o! Ẹnu mi kò tó, bébà Àfáà tó. Mo yọ̀ fún un, inú sì bí mi débi pé mo gbá ẹsẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ń dùn mí síbẹ̀.

Àwọn tó ni ẹ̀rọ, tí Ṣèyífúnmi ti kọ̀wé sí, fèsì láti Abújà ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti fún Ṣèyífúnmi ní àṣẹ tó lè fi tú àwọn tó so pọ̀. Ó ní nọ́ńbà fóònù Minanata wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la.

Àlàrùbá, 19 Máàṣì

Iná lọ. Epo jẹnẹrétọ̀ kò sí. Àfáà dákẹ́.

Àlàmísì, 20 Máàṣì

Ọlidé Máólúdì. Yàrá ẹ̀rọ wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Gómìnà, Gómìnà wà ní Gusau. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo pè é, mo pè é, mo pè é.

Jímọ̀, 21 Máàṣì

Ọlidé àwọn onígbàgbọ́. Ṣèyífúnmi kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá bá mi jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn tí a tì. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ó lè dárí jì mí?" Mo ní kí n kọ́kọ́ rí obìnrin náà ná. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àtìní, 24 Máàṣì

Ọlidé síbẹ̀. Minanata. Àwọn ọmọdé ti sọ mí lórúkọ: "Sister mai neman Jummai" — Sister tó ń wá Jummai. Wọ́n ń kọ ọ́ lórin tẹ̀lé mi. Mo jókòó sábẹ́ dongoyárò kan, mo sunkún lójú wọn, orin dúró.

Àtàláátà, 25 Máàṣì

Gómìnà dé. Iná dé. Ṣèyífúnmi tú wọn ká, kò gbà ju ìgbà tí èèyàn á fi mu tíì tán. Jummai méjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ńbà kan.

Ọkùnrin ló gbé e. Mo ní Sister Sìmbíátù ni, láti ilé ìwòsàn. Ó pariwo ayọ̀. Wallahi, wọ́n ti ń wá mi! Ìyàwó òun ti bí, obìnrin, ọ̀la ni suna, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí n má ṣe aláìwá.

Àlàrùbá sí Àlàrùbá. Ọjọ́ tí iná lọ ló bí. Ọjọ́ mẹ́ta omi oògùn parí nígbà tí mo jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo gbé ìgò rẹ̀ sínú báàgì síbẹ̀. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Àlàrùbá, 26 Máàṣì

Ilé tí mo ti kọjá níwájú rẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ tí mo lọ. Ẹyin iná pupa, omi gbígbóná, obìnrin kún yàrá. Jummai jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Ó sọ fún gbogbo wọn pé, èyí ni Sister tó sọ fún òun pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun. Àwọn ìyá àgbà bú sí gudà, igbe ayọ̀ wọn. Wọ́n fi obì àti dàbínù sí mi lọ́wọ́.

Ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo, ó gbóná, wàrà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Takwararki ce." Olórúkọ mi ni. Ó ti bẹ Maigida títí ó fi gbà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní málàmù tó ṣàdúrà pe orúkọ Yorùbá yẹn títí ahọ́n rẹ̀ fi fẹ́ kọ́.

Àkọ́bí ni. Ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀ níhìn-ín, ìtìjú ni. Jummai tẹ orí sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: kí n bá òun pè é, òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Mo pe orúkọ ara mi sí ọmọ náà létí.

Lẹ́yìn náà mo ní kí gbogbo àwọn obìnrin yòókù jáde díẹ̀, kó ku èmi àti Jummai.