Ìkíni Ni Bàbá Mi Dáhùn

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, Ilé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Alága Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ilé Ìwòsàn Ńlá,
Òpópónà Ilé Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ BÀBÁ MI PADÀ SÍ Ẹ̀KA ÌTỌ́JÚ ỌKÀN KÍ Ó TÓ PẸ́ JÙ

1. Aránṣọ ni mí, ọmọ aránṣọ. Bàbá Téèpù ni àdúgbò ń pe bàbá mi, nítorí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn wọn. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n máa gbé e kọ́rùn wẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ọdún kẹta rèé tí àwọn dókítà yín ti sọ pé ọkàn wọn kò lágbára tó mọ́ láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ẹ tọ́jú wọn dáadáa nígbà náà, n kò sì gbàgbé.

2. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, a wá fún àyẹ̀wò ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọkàn. Wọ́n ní kí èmi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo ń rí wọn, mo sì ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó ń kọ káàdì bi bàbá mi pé, “Bàbá, ara ńkọ́?” Wọ́n ní, “Ara le, a dúpẹ́.” Nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sínú káàdì pé ara le, kò sí ìnira kankan. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ìkíni ni bàbá mi dáhùn. Bí ògiri bá wó lù wọ́n, “a dúpẹ́” ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lábẹ́ rẹ̀. N kò bínú sí nọ́ọ̀sì náà, ó kí àgbà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìkíni kọ́ ni àyẹ̀wò.

3. Dókítà wá ní kí wọ́n dìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún láìfọwọ́ ti nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n lè ṣe. Wọ́n fi ọwọ́ fún irin tí a fi ń wọn agbára ọwọ́ pọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Dókítà wo káàdì tí ó ní ara le, ó wo ọwọ́ tí kò lágbára, ó ní ọjọ́ ogbó ni. Ó kọ “hẹ́gẹhẹ̀gẹ” síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé wọn lọ sí ẹ̀ka àwọn àgbà nìyẹn, tí ọjọ́ ìpadàwá wa di oṣù keje.

4. Iṣẹ́ mi ni wíwọn ara ènìyàn. Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, mo wọn bàbá mi fún ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò: àyíká apá jẹ́ ínṣì mọ́kànlá, ti kókósẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án. Sátidé tó kọjá, apá ti di mẹ́jọ àti ààbọ̀, kókósẹ̀ ti di mọ́kànlá àti ààbọ̀. Ìwọ̀n yín kò rí èyí, nítorí ẹran ara ń lọ, omi ń wọlé, kílò sì dúró lójú kan. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé ara ró kí wọ́n tó lè sùn. Bí mo bá ń ránṣọ, mo máa ń dá ẹ̀rọ dúró láti gbọ́ bóyá wọ́n ṣì ń mí.

5. Nọ́ọ̀sì àgbà ní ẹ̀ka àwọn àgbà ṣàlàyé fún mi pé ọkàn tí ó ti rẹ̀ ń jẹ́ kí iṣan ara yọ́, ara tí ó yọ́ náà sì tún ń di ẹrù lé ọkàn lórí. Ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti dá wa padà, ẹ̀ka ọkàn sì ní káàdì wa kò sí lọ́dọ̀ àwọn mọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ pàṣẹ kí dókítà ọkàn rí wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ̀ka méjèèjì jọ tọ́jú wọn, kí n sì wà níbẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé ara ńkọ́. Ẹ bi wọ́n pé ìrọ̀rí mélòó, ìgbésẹ̀ mélòó kí wọ́n tó dúró. Ẹ̀rù ń bà mí pé a kò ní rí oṣù keje.

7. Kí n tó fi lẹ́tà yìí sínú àpò ìwé, èmi náà bi wọ́n pé, “Bàbá, ara ńkọ́?” Wọ́n ní, “Ara.” Wọ́n dúró, wọ́n mí, wọ́n tún mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ní, “le.”

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù,
Aránṣọ Ilé Kẹrìnlá,
Àkọ́bí Bàbá Téèpù.