Ibà Kọ̀ǹpútà Rẹ Ti Dé Ọgọ́rin

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìlú ńlá yẹn gbé ọ mì, ẹsẹ̀ ayọ̀ tí o fi wọ̀ ọ́ náà ni wàá fi jáde. Má bínú pé mi ò kí ọ débi tó yẹ kí n kí ọ dé. Ojú mi kan wà lára ìwé yìí, èkejì wà lára kọ̀ǹpútà rẹ, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá. Tí o bá ti ń pe fóònù mi láti àárọ̀ tí kò lọ, èmi ni mo pa á. Yàrá kan náà ni òun àti kọ̀ǹpútà jọ wà, fóònù mi sì máa ń gbóná bí mo bá ti gbé e sétí pẹ́, mi ò fẹ́ kó lọ kó ooru ran ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

Àlàáfíà la wà nílé. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ò jò mọ́, nítorí pé òjò ò rọ̀ mọ́. Ọ̀gá káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ì bá kí ọ, ṣùgbọ́n èmi pẹ̀lú rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ lónìí, màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Àbúrò rẹ ló sùn lọ fọnfọn lórí àga níbí yìí, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

O mọ̀ pé iléeṣẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán ilé ní kí òun àtàwọn yòókù tó ń wáṣẹ́ ya ilé tí wọ́n máa fẹ́ kọ́ fún àwọn ará ilé wọn, kí àwòrán náà sì máa rìn, kí ó dà bíi pé èèyàn ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹnì kan péré ni wọ́n máa gbà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni wọn ò ní gbà á mọ́. Àbúrò rẹ ti ya tirẹ̀ tán, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló máa kó àwòrán náà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí o fi sílẹ̀ fún wa yìí sì ń ṣe é bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó ṣírò rẹ̀ títí, kò ní bá aago mẹ́rin. Ìgbà yẹn ló pè ọ́, tí ìwọ náà wá kọ́ ọ pé kí ó mú ọpọlọ kọ̀ǹpútà sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó sáré lọ.

Nígbà tó ṣàlàyé fún mi, mo ní ta ló ń lé e. Ó ní àwọn tó ṣe é máa ń fi agbára díẹ̀ pamọ́ sí i lára, èèyàn lè bẹ̀ ẹ́ kó lo ìyẹn náà. Pé ìwọ lo ní kí òun fi eré díẹ̀ kún un, kí òun gbé iṣẹ́ líle fún un, kí òun máa wo ooru rẹ̀, bí kò bá ṣe wàhálà kí òun tó tún fi díẹ̀ kún un, kí òun má sì fọwọ́ kan iná tó ń jẹ rárá. Mo ní ìyẹn yé mi, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Ó ní òun ti nu ìpara àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀ lábẹ́ fáànù kúrò, òun ti fi tuntun sí i, kí ooru lè máa ráyè jáde. Mo ní ṣé ìpara tó ń ta ni, nítorí èyí tí mo fi ń ra àyà nígbà òtútù ṣì kù nínú agolo. Ó ní ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀. Mi ò jiyàn.

Àná wá ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. O mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, bí ara ọmọ bá ti gbóná dé ogójì, gbogbo wa la máa ń sáré, àtonílé àtàlejò. Àbúrò rẹ lọ wẹ̀. Mo wọ yàrá láti gbálẹ̀, ni mo bá rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ooru ara rẹ̀ ti di mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, mo sáré ki táwẹ́lì bọ omi, mo fún un dáadáa, mo tẹ́ ẹ lé e lórí.

Àbúrò rẹ jáde tòun ti ọṣẹ lára. Ariwo tó pa, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Ó gba táwẹ́lì náà sọnù, ó nu ara kọ̀ǹpútà gbẹ, orí ló yọ wá tí omi ò dé inú. Nígbà tó tún tan án, fáànù ń yí ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣú dùdù. Ó ń mí, kò lajú. Ìgbà tó pè ọ́, tí o ní kó fa wáyà yọ, kó yọ bátìrì kékeré bíi ti aago ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀, kó ní sùúrù díẹ̀ kó tó dá a padà, èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ, kò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tí òní jẹ́. Àbúrò rẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, àkókò sì ń lọ. Kò bú mi. Ohun tó sọ fún mi ò ju pé, Màámi, ẹ ò tiẹ̀ bi mí. Ì bá sàn kó bú mi.

Lónìí, kó tó di pé oorun gbé e lọ, ó ní kí n máa bá òun ṣọ́ ọ. Ó ní bó bá wà ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, bó bá di márùndínláàádọ́rùn-ún, kí n jí òun, kí n má ṣe dé ìdí ògiri. Ó ń na ìka sí mi bí ẹni pé èmi lọmọ. Táwẹ́lì, ó ti kó gbogbo rẹ̀ tì mọ́ inú àpótí.

Ti káfíńtà ni pé bó bá ti tan ẹ̀rọ tó fi ń la pákó, iná ilé wa máa ń ṣẹ́jú. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ kó dúró di aago mẹ́rin. Ó ní ẹni tó ni ilẹ̀kùn ń bọ̀. Nígbà tí ẹnu ò ràn án, mo jókòó lé pákó tó fẹ́ là. Ó wò mí, mo wò ó, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó ti di ọgọ́rin. Mo ń wò ó.

Mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Kí ló dé tó ń gùn báyìí? Mo ti mú abẹ̀bẹ̀, gbígbẹ ni o, mo ń fẹ́ ẹ. Má wo ìkọ̀wé mi, ọwọ́ kan ni mo fi ń kọ ọ́. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo ti dìde. Ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ, ọwọ́ mi ti kan wáyà yẹn.

Mo padà dé. Mo fi wáyà sílẹ̀, mo jí i. Ó wo márùndínláàádọ́rùn-ún náà, kò pariwo, ó tẹ nǹkan kan, ó ní òun dín eré rẹ̀ kù díẹ̀. Ó wá wo ojú fèrèsé, oòrùn ọ̀sán ló ń ràn sára kọ̀ǹpútà tààrà, èmi tí mo jókòó tì í ò sì rí i. Ó fa kọ́tìnnì bò ó. Kò pẹ́ tó fi bọ́ sí mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó ní, Màámi, ẹ ṣé tí ẹ jí mi. A jọ jókòó tì í títí iṣẹ́ náà fi parí tó sì fi ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ náà fèsì pé àwọn ti rí i gbà. Káfíńtà ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà kí aago tó lù tán.

Lẹ́yìn náà ló fi àwòrán náà hàn mí. Ẹnu ọ̀nà ilé yẹn ò ní àtẹ̀gùn, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kí ẹni tí orúnkún ń dùn lè wọlé láìsí pé ó di ẹnikẹ́ni mú. Yàrá tó kọ́kọ́ kan èèyàn, fèrèsé rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó jókòó máa rí ojú títì. Irin ìdìmú wà lára ògiri ilé ìwẹ̀. Mo bi í pé yàrá ta nìyí. Ó ní tiyín ni. Mo sunkún, mi ò fi bò. Ilé tí mo fa wáyà rẹ̀ yọ lánàá nìyẹn.

Jọ̀wọ́ fi owó ránṣẹ́ fún fáànù tó tóbi ju èyí lọ fún kọ̀ǹpútà yìí, kí o sì fi owó dígí ojú mi kún un, nítorí àwọn nọ́ńbà yẹn kéré. Fi ti pákó káfíńtà náà sí i, ó ní ó sán nígbà tí mo jókòó lé e.

Ọlọ́run á bá ọ ṣọ́ gbogbo ohun tí o bá gbé léná. Agbára tó pa mọ́ sí ọ lára, wàá lò ó, kò ní jó ọ. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ, títí kan èmi ìyá rẹ, kò ní fa wáyà rẹ yọ níbi tó ti ń sáré láti gbà ọ́ là.

Èmi ni,
Ìyá rẹ